Bí Ẹ Ṣe Lè Lé Òórùn Èbu Kúrò Nínú Ẹ̀rọ Amúlétutù Ilé Yín

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òǹkàwé kì í yéé bi mí: kí ló dé tí ẹ̀rọ amúlétutù wọn, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní A/C, ń mú yàrá tutù dáadáa, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti tàn án, òórùn bí ti aṣọ tí a ká sínú àpótí láìgbẹ ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde? Àwọn kan ti fín lọ́fínńdà sí i, àwọn kan ti pe oníṣẹ́ kí ó wá fi gáàsì kún un, àwọn mìíràn sì ti ra asẹ́ tuntun, síbẹ̀ òórùn náà kò lọ. Ìdí tí kò fi lọ ni pé ibi tí ó ń gbé gan-an ni ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Ibi tí omi ti ń pẹ́ kí ó tó gbẹ nínú ẹ̀rọ ni òórùn yìí ń gbé, ibẹ̀ sì ni gbogbo iṣẹ́ tí ó wà nínú ìtọ́sọ́nà yìí ń lọ.

Ẹ̀rọ tí apá kan rẹ̀ wà lára ògiri yàrá, tí apá kejì sì wà níta, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni ìbéèrè náà sábà máa ń dá lé. Mo ti fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ fún àwọn tí ẹ̀rọ tiwọn wà lójú fèrèsé, àti fún àwọn tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí gbogbo yàrá wọn.

Ibi tí òórùn náà ti ń wá

Omi wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá, bí ojú wa kò tilẹ̀ rí i. Nígbà tí ẹ̀rọ bá fa afẹ́fẹ́ náà mọ́ra, ara kọ́ìlì, ìyẹn páìpù àti ewé irin tútù inú ẹ̀rọ, ni ó máa ń gbà kọjá, omi inú rẹ̀ yóò sì sẹ̀ sí ara kọ́ìlì náà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń sẹ̀ sí ara ife tí a bu omi tútù sí. Omi yìí yóò kán sínú àwo gbọọrọ tí ó wà lábẹ́ kọ́ìlì, yóò sì gba inú páìpù jáde síta. Nígbà tí ọ̀rinrin bá pọ̀, ẹ̀rọ yàrá kan lè da omi tí ó ju lítà kan lọ síta láàárín wákàtí kan.

Omi nìkan kì í rùn. Eruku tí ó bá yọ́ kọjá lára asẹ́, irun, awọ ara wa tí ó ń bó, àti èéfín ọlọ́ràá láti ilé ìdáná ni ó máa ń lẹ̀ mọ́ irin tútù náà. Nígbà tí ẹ bá wá pa ẹ̀rọ, ibẹ̀ yóò ṣókùnkùn, omi yóò ṣì rin ín, afẹ́fẹ́ kò sì ní fẹ́ sí i mọ́. Èbu, ìyẹn ohun dúdú tàbí funfun tí ó máa ń hù sára bàtà awọ tí a gbàgbé síbi tí ó ń rin, kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín wákàtí 24 sí 48 ni ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára ohun tí omi rin. Ìdí nìyí tí òórùn náà fi máa ń le jù ní ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́: gbogbo ohun tí ó ti kó jọ láti ìgbà tí ẹ ti pa ẹ̀rọ ni fáànù ń fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun: irú òórùn wo ni?

Ẹ gbọ́ òórùn náà dáadáa, nítorí pé kì í ṣe gbogbo òórùn ni ọ̀rọ̀ ìfọ̀.

- Òórùn aṣọ tí kò gbẹ, tàbí ti yàrá tí a ti tì pa fún ìgbà pípẹ́: èbu ni. Ẹ tẹ̀ lé gbogbo ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí.
- Òórùn ìbọ̀sẹ̀ tí a ti wọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀: bakitéríà ni ó sábà máa ń fà á lára kọ́ìlì. Iṣẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ara kọ́ìlì ni kí ẹ ti lo àkókò jù.
- Òórùn kòtò ìdọ̀tí: ẹ lọ tààrà sí ìgbésẹ̀ páìpù.
- Òórùn ohun tí ó kú: ó ṣeé ṣe kí eku tàbí ẹyẹ ti kú sínú ẹ̀rọ tàbí sí ẹ̀gbẹ́ páìpù. Ẹ pa ẹ̀rọ títí ẹ ó fi rí i.
- Òórùn wáyà tàbí ike tí ń jó: ẹ pa iná rẹ̀ níbi bíréékà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má sì tàn án mọ́ títí oníṣẹ́ yóò fi wò ó.
- Òórùn kẹ́míkà tí ó ń dùn díẹ̀, pàápàá bí ẹ̀rọ kò bá mú yàrá tutù bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́: gáàsì inú rẹ̀ lè máa jò. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ má sì ṣáná nítòsí rẹ̀, nítorí pé gáàsì R32 àti R290 tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun lè gbiná.
- Òórùn ẹyin tí ó ti bàjẹ́: òórùn bẹ́ẹ̀ ni a máa ń fi sí gáàsì ìdáná kí a lè tètè mọ̀ bí ó bá ń jò. Ẹ má ṣe tan iná, ẹ má ṣe pa iná, ẹ kó gbogbo ará ilé síta, kí ẹ sì ti ìta pe àwọn tí ó yẹ.

Bí ó bá jẹ́ òórùn èbu, ẹ tún ṣe àyẹ̀wò kékeré kan. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ wà ní pípa mọ́jú, kí ẹ sì wọ yàrá náà láàárọ̀ láìtàn án. Bí yàrá bá ti ń rùn kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, ògiri tí omi ń gbà wọlé, kápẹ́ẹ̀tì, kọ́tìnì tàbí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí pé ẹ̀rọ kàn ń fa òórùn náà mọ́ra, ó sì ń dá a padà fún yín ni. Bí yàrá kò bá rùn rárá títí ẹ fi tan fáànù, a jẹ́ pé inú ẹ̀rọ ni.

Ohun tí ẹ ó kó sílẹ̀

- Àkàsọ̀ tí ó dúró ṣinṣin, àti ẹnì kan tí yóò dì í mú
- Tọ́ọ̀ṣì tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa
- Ìbọ̀wọ́, ìbòmú, àti awò tí yóò dáàbò bo ojú
- Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ méjì: ọ̀kan gbígbòòrò, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní igi gígùn
- Ọṣẹ olómi tí kò le, fínígà funfun, àti oògùn ìfọ kọ́ìlì tí a kọ sí ara rẹ̀ pé ó wà fún kọ́ìlì inú ilé
- Ìgò tí a fi ń fín omi, ọ̀rá fífẹ̀, aṣọ ìnulẹ̀ mélòó kan, àti garawa
- Bí ẹ bá rí i yá, ẹ̀rọ ìfàdọ̀tí tí ó lè fa omi

Ìkìlọ̀ tí ẹ kò gbọdọ̀ fò

Pípa ẹ̀rọ pẹ̀lú rìmóòtù nìkan kò tó, nítorí pé iná ṣì wà nínú rẹ̀. Níbi bíréékà ni kí ẹ ti pa á, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ará ilé kí ẹnikẹ́ni má baà tàn án nígbà tí ọwọ́ yín wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe ṣí apá tí ó wà níta. Kàpásítọ̀ inú rẹ̀, ìyẹn ohun tí ń tọ́jú iná pamọ́, lè gbá ènìyàn bí a ti pa iná tán pàápàá.

Ẹ kò gbọdọ̀ da bílíìṣì pọ̀ mọ́ fínígà, tàbí mọ́ ohun ìfọ̀ tí ó ní ammonia nínú, láéláé. Afẹ́fẹ́ olóró ni yóò jáde, nínú yàrá tí ẹ ti ń mí sì ni.

Bí ẹnì kan nínú ilé bá ní àsímà, tàbí tí ara rẹ̀ kò gba eruku, ẹ jẹ́ kí ó jáde kúrò nínú yàrá náà títí iṣẹ́ yóò fi parí. Bí ẹni náà bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín, ẹ gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: asẹ́ afẹ́fẹ́

1. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ pa bíréékà, kí ẹ sì dúró títí fáànù yóò fi dákẹ́ pátápátá.
2. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ ìdérí iwájú mú, kí ẹ sì gbé e sókè. Bí ó bá le, ẹ má ṣe fipá fà á. Ẹ wá ibi tí eyín ike rẹ̀ wà.
3. Ẹ fa asẹ́ náà jáde, kí ẹ gbé e lọ síta kí ẹ tó gbọn eruku rẹ̀.
4. Ẹ fi omi fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, kí omi lè ti eruku jáde síbi tí ó gbà wọlé. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ láti iwájú, ńṣe ni ẹ ń ti eruku wọ inú ihò rẹ̀ sí i.
5. Bí ó bá ní ọ̀rá, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọlọ́ṣẹ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú 15. Omi náà kò gbọdọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 40 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ike rẹ̀ má baà ká.
6. Ẹ ṣàn án, ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù, kí ẹ sì gbé e sí ibi òjìji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ títí yóò fi gbẹ.

Kí ó gbẹ pátápátá ni mo wí. Ìgbà kan wà tí èmi fúnra mi kánjú dá asẹ́ padà nígbà tí omi ṣì wà lára rẹ̀, nítorí pé ooru ń mú. Kí ọjọ́ kẹta tó pé, òórùn tí ó wà tẹ́lẹ̀ ti di ìlọ́po. Láti ìgbà náà, bí mo bá fọ asẹ́ ní àárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni mo ń dá a padà.

Àwọn ẹ̀rọ kan ní asẹ́ kékeré kejì tí ó dúdú, tí ó ní èédú nínú. Púpọ̀ nínú irú èyí kì í fẹ́ omi rárá. Ńṣe ni a ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ìwé ìtọ́ni tí ó bá ẹ̀rọ yín wá.

Ìgbésẹ̀ kejì: páìpù tí ń da omi síta

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí páìpù yìí títí omi yóò fi máa kán sórí ibùsùn wọn. Bẹ́ẹ̀, kí ó tó di èyíinì, omi ti dúró sínú àwo fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ìdọ̀tí tí ó ń fà bí ikun sì ti bò ó.

1. Kí ẹ tó pa iná fún iṣẹ́ yìí, ẹ ti jẹ́ kí ẹ̀rọ mú yàrá tutù fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, kí ẹ sì lọ wo ẹnu páìpù níta. Bí ọ̀rinrin bá wà nínú afẹ́fẹ́, tí omi kò sì kán rárá, ó ti dí.
2. Ẹ wo ibi tí ẹnu páìpù náà wà. Kò gbọdọ̀ rì sínú omi, sínú garawa tí ó kún tàbí sínú ẹrẹ̀, nítorí pé òórùn ibẹ̀ yóò máa gba inú rẹ̀ gòkè wá.
3. Ẹ fi ẹ̀rọ ìfàdọ̀tí fa á láti ìta fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹ fi aṣọ di àlàfo ẹnu rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà sá. Ohun tí yóò jáde lè yà yín lẹ́nu.
4. Láti inú yàrá, ẹ rọra da ìdajì lítà omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú àwo, kí ẹnì kan sì wà níta láti wò ó bí ó bá ń jáde.
5. Bí ó bá ń jáde, ẹ da fínígà tí ó tó ife kan sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ sì fi omi mímọ́ ṣàn án, díẹ̀díẹ̀, kí àwo má baà kún jù.

Ẹ má ṣe fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ alágbára fẹ́ ẹ láti ìta wọlé. Ìdọ̀tí náà yóò padà sínú àwo, oríkèé páìpù tí ó wà nínú ògiri sì lè yọ. Inú ògiri ni omi yóò wá máa jò sí, níbi tí ẹ kò ti ní rí i.

Ẹ wo bí páìpù náà ṣe tẹ̀ pẹ̀lú. Ó gbọ́dọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ láti inú yàrá dé ìta. Níbi tí ó bá ti gòkè díẹ̀ tàbí tí ó tẹ̀ bí ikùn, omi yóò dúró, yóò sì máa rùn, bí ẹ tilẹ̀ fọ gbogbo ẹ̀rọ ní ojoojúmọ́. Bí wọ́n bá so ó pọ̀ mọ́ páìpù ìdọ̀tí ilé, ó gbọ́dọ̀ ní ibi tí ó tẹ̀ kọrọdọ, tí omi máa ń dúró sí láti dínà òórùn. Omi inú kọrọdọ yìí máa ń gbẹ bí a kò bá lo ẹ̀rọ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà náà, omi díẹ̀ tí ẹ bá dà sí i ti tó láti dí òórùn náà. Bí kò bá sí kọrọdọ rárá, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ ya páìpù náà sọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kọ́ìlì

Níbí ni iṣẹ́ gan-an wà. Nígbà tí asẹ́ bá ti kúrò, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn ibi tí ó wà: ẹ ó rí àwọn ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a tò súnmọ́ra. Bí ó bá mọ́, ẹ ó máa rí àlàfo láàárín wọn. Bí ó bá dà bí ẹni pé a fi aṣọ eléèérí bò wọ́n, ẹ ti rí orísun òórùn yín.

1. Ẹ fi ọ̀rá bo ẹ̀gbẹ́ tí àwọn wáyà àti bọ́ọ̀dù iná wà. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó sábà máa ń jẹ́ bí ẹ bá kọjú sí ẹ̀rọ. Ẹ so ọ̀rá fífẹ̀ mìíràn sí abẹ́ ẹ̀rọ kí omi lè gba inú rẹ̀ dé inú garawa.
2. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, nítorí pé ewé irin náà mú bí abẹ.
3. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku gbígbẹ rẹ̀, láti òkè sí ìsàlẹ̀, bí ewé irin ṣe tò. Bí ẹ bá gbá a láti ọ̀tún sí òsì, wọn yóò tẹ̀, afẹ́fẹ́ kò sì ní ráàyè kọjá mọ́.
4. Ẹ fín oògùn ìfọ kọ́ìlì sí i títí yóò fi rin gbogbo rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀; 10 sí 15 ni ó máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà.
5. Ẹ fi omi mímọ́ fín in láti fi ṣàn án, pẹ̀lú agbára díẹ̀, kí ẹ máa dúró kí àwo fà kí ẹ tó tún fín òmíràn. Àwọn oògùn kan wà tí a kọ sí ara wọn pé kò pọn dandan kí a ṣàn wọ́n. Èmi ṣì máa ń fi omi tẹ̀ lé e.
6. Ẹ tún un ṣe títí omi tí ń jáde kò fi ní dúdú mọ́.

Bí ẹ kò bá rí oògùn yìí, omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí a kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí lè ṣe é, bí ó tilẹ̀ máa gba ìgbà méjì tàbí mẹ́ta. Nípa fínígà, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń gbà yín níyànjú láti fín in sí kọ́ìlì. Ó ń pa èbu díẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó kan, ohun tí ó bá kan sì ń jẹ irin bí ó bá pẹ́ lára rẹ̀. Ara ike àti inú páìpù ni mo máa ń lò ó sí. Bí ẹ bá pinnu láti lò ó fún kọ́ìlì, ẹ fi omi tí ó tó ìwọ̀n rẹ̀ là á, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kí ẹ tó ṣàn án dáadáa. Bílíìṣì kò yẹ níbẹ̀ rárá: ó ń jẹ alumíníọ̀mù, òórùn rẹ̀ yóò sì máa fẹ́ sí yín lójú fún ọjọ́ púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: fáànù inú

Ẹ ṣí ewé ike tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì wọ inú rẹ̀. Ohun gbọọrọ tí ó rí bí àgbá tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó ní ewé kéékèèké yí ká, ni fáànù náà. Nígbà tí ènìyàn bá sọ fún mi pé òun ti fọ asẹ́, òun ti fọ kọ́ìlì, òórùn kò sì lọ, fáànù yìí ni mo máa ń bi í léèrè, ìdáhùn rẹ̀ sì máa ń jẹ́ pé òun kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Gbogbo afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí sínú ni ó ń gba àárín rẹ̀ kọjá.

Bí eruku tí ó wà lára rẹ̀ kò bá pọ̀, ẹ máa fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ gbá ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìdọ̀tí dúdú bá ti nípọn lára rẹ̀, ẹ má ṣe ha apá kan kí ẹ fi apá kejì sílẹ̀, nítorí pé ìwọ̀n rẹ̀ kò ní dọ́gba mọ́, ẹ̀rọ yóò sì máa gbọ̀n, yóò máa pariwo. Ó sàn kí oníṣẹ́ yọ ọ́ jáde kí ó fọ̀ ọ́ níta.

Ní ti ewé ike àti ẹnu ihò afẹ́fẹ́, aṣọ tí a fi omi ọlọ́ṣẹ rin, lẹ́yìn náà tí a fi fínígà àti omi ní ìwọ̀n kan náà nù, ti tó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kí ó gbẹ, kí ẹ sì dán an wò

1. Ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ní ṣíṣí fún wákàtí méjì.
2. Ẹ yọ ọ̀rá tí ẹ fi bo bọ́ọ̀dù iná, kí ẹ wò ó bóyá omi ta sí i. Bí ó bá ta sí i, ẹ má ṣe tan iná títí yóò fi gbẹ pátápátá.
3. Ẹ dá asẹ́ gbígbẹ padà, ẹ tan bíréékà, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì jẹ́ kí fáànù nìkan ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan.
4. Lẹ́yìn náà, ẹ ti fèrèsé, ẹ gbé e sí ìwọ̀n 24, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ wo ìta bóyá omi ń kán, ẹ wo inú bóyá kò kán.

Òórùn oògùn ìfọ̀ lè kù díẹ̀ fún ọjọ́ kan. Èyí kò burú.

Bí òórùn náà bá tún padà

Bí ó bá padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ìdọ̀tí kù sára fáànù tàbí sí ẹ̀yìn kọ́ìlì níbi tí ọwọ́ kò dé. Bí ẹ bá rí yìnyín lára kọ́ìlì, gáàsì lè ti dín kù tàbí kí afẹ́fẹ́ má máa kọjá dáadáa. Nígbà tí yìnyín bá yọ́, omi rẹ̀ máa ń pọ̀ ju ohun tí àwo lè gbà lọ, gbogbo inú ẹ̀rọ yóò sì rin. Ìfọ̀ kò lè yanjú èyí, iṣẹ́ oníṣẹ́ ni.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí ń ta ẹ̀rọ kì í sábà sọ. Bí ẹ̀rọ bá tóbi ju yàrá lọ, kíá ni yóò mú yàrá tutù tí yóò sì dúró, kí ó tó ráyè fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ jáde. Yàrá yóò tutù ṣùgbọ́n yóò máa rin, èbu yóò sì máa hù. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́: ó yẹ kí ó wà ní ìsàlẹ̀ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, láàárín 30 sí 50 ni ó sì dára jù. Bí ó bá ń ga ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà gbogbo, ẹ lo bọ́tìnì tí wọ́n kọ Dry sí lára rìmóòtù, tàbí kí ẹ wá ẹ̀rọ tí ń fa ọ̀rinrin.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù

- Fífín lọ́fínńdà sí ihò afẹ́fẹ́. Yóò bo òórùn náà fún wákàtí díẹ̀, yóò sì lẹ̀ mọ́ kọ́ìlì, eruku yóò sì tún lẹ̀ mọ́ òun náà.
- Fífi gáàsì kún ẹ̀rọ nítorí pé ó ń rùn. Gáàsì kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú òórùn èbu, kì í sì í tán bí kò bá sí ibi tí ó ti ń jò.
- Lílo omi alágbára tí a fi ń fọ ọkọ̀ fún kọ́ìlì. Ewé irin yóò tẹ̀, omi yóò sì wọ inú bọ́ọ̀dù iná.
- Lílo ẹ̀rọ ozone, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń tú afẹ́fẹ́ ozone jáde láti pa òórùn, nínú yàrá tí ènìyàn wà. Ó ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára.

Bí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ irú mìíràn

Ẹ̀rọ ojú fèrèsé gbọ́dọ̀ dẹ̀gbẹ́ díẹ̀ sí ìta kí omi má baà dúró sínú rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò pẹ̀lú ẹni kejì, nítorí pé ó wúwo, kí ẹ tó fọ kọ́ìlì iwájú rẹ̀. Fún ẹ̀rọ tí ń fi ihò inú àjà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí gbogbo ilé, ẹ lè fọ asẹ́, àwo àti páìpù fúnra yín, ṣùgbọ́n bí èbu bá ti wọ inú àwọn ihò àjà náà, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo lè tú u ká gbogbo yàrá.

Bí ẹ bá fẹ́ pe oníṣẹ́

Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kí ó tó bẹ̀rẹ̀: ṣé yóò yọ fáànù jáde? Ṣé yóò fọ àwo àti páìpù pẹ̀lú? Oògùn wo ni yóò lò fún kọ́ìlì? Ẹni tí ó bá ní asẹ́ nìkan ni òun fẹ́ fọ̀ kò ní ṣe ju ohun tí ẹ lè ṣe fúnra yín lọ.

Kí ó má baà padà

- Ní ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó pa ẹ̀rọ, ẹ yí i sí fáànù nìkan kí kọ́ìlì lè gbẹ. Díẹ̀ nínú ọ̀rinrin náà yóò padà sínú yàrá, nítorí náà ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ìta bá gbẹ. Àwọn ẹ̀rọ tuntun kan ní bọ́tìnì tí ń ṣe èyí fúnra rẹ̀. Ẹ wá a nínú ìwé ìtọ́ni, nítorí pé wọn kì í sábà tàn án kí wọ́n tó tà á.
- Ẹ máa fọ asẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì nígbà tí ẹ bá ń lò ó lójoojúmọ́.
- Ẹ máa da omi sínú àwo lóṣooṣù láti mọ̀ bí páìpù ṣe ń ṣe sí.
- Ẹ má ṣe gbé e sí ìwọ̀n 16 pẹ̀lú fáànù rírẹlẹ̀ ní yàrá tí ó ń rin. Ẹnu ihò afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ yóò máa làágùn, èbu yóò sì máa hù síbẹ̀.
- Bí ẹ kò bá ní lò ó fún oṣù mélòó kan, ẹ yan ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ẹ jẹ́ kí fáànù ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ fọ asẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì pa bíréékà rẹ̀ kí ẹ tó fi sílẹ̀.